Ìkúnlẹ̀ Pẹ̀lú Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà tẹlifóònù ni mo ti jókòó sí ilé mi ní Àjàó Estate, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń gba orí òrùlé mi kọjá bí ẹni pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Ìwé ni mo ń kà. Mo ń ka ìwé ìtàn, mo ń ka ìwé òfin, mo sì ń ka àwọn ìwé tí ó ń ṣàlàyé bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú, nítorí n kò fẹ́ kí ayé yí padà lẹ́yìn mi láìsọ fún mi. Èyí ni ó fà á tí àwọn ènìyàn fi máa ń wá mi wá nígbà tí ẹ̀rọ wọn bá ṣe ohun tí kò yé wọn. Wọn kì í wá nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà náà, àwọn fúnra wọn ni ọ̀mọ̀wé.

Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate, lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí, ní òpópónà tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti gbẹ́ dé ibi pé omi ń dúró sí i nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Àpótí kékeré kan ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri yàrá òtútù tí wọ́n ń kó oògùn sí, àpótí náà á sì máa fi ìròyìn bí yàrá ṣe tutù tó ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn tí ó ni oògùn. Bí yàrá bá fẹ́ gbóná, fóònù á dún. Iṣẹ́ rere ni. Ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé àpótí tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde máa ń dákẹ́. Kò jóná, kò fọ́, kò sọ pé ara òun kò yá. Á kàn dúró gbagidi, iná ojú rẹ̀ á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́ títí wọn yóò fi yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan ni ó ni ilé iṣẹ́ náà. Alága ni gbogbo wọn ń pè é. Ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí wọ́n kí òun ju kí wọ́n san owó fún òun lọ. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣiṣẹ́ yìí, tí amúlétutù ń fẹ́, tí kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì gbogbo, obìnrin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kanlẹ̀, ọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí àyà rẹ̀ kan táìlì. Èyí nìkan kọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde títí Alága yóò fi sọ pé, "Ó yá, dìde." Kí ó tó sọ ọ́, á béèrè ọkọ, á béèrè ọmọ, á béèrè ìyá tí ó wà ní Abẹ́òkúta, á béèrè ẹsẹ̀ tí ń dun ìyá náà. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà nígbà tèmi, n kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ní oko tí wọ́n ń lọ. Wọ́n máa ń tètè ní kí a dìde.

Ẹni tí ó tẹ̀ lé Alága ni Ọ̀gá Ẹnjiníà. Ó kàwé lókè òkun, kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tó rán ènìyàn létí. Òun ni ó kọ kóòdù tí ó ń gbé ìròyìn gba orí wáyà nígbà tí àpótí àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí àpótí tuntun dé, wọ́n ní kí obìnrin ẹnjiníà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì kó kóòdù àtijọ́ náà wọ inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti di olóògbé ni ó bí i, Ṣógúnlé ni ó sì ń gbé. Ẹnu rẹ̀ mú, ó mọ̀ pé orí òun pé, n kò sì tíì rí ọjọ́ tí ó ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ó yà sílé mi ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká nínú báàgì Bíbélì.

"Ẹ kú ìsinmi, sà. Wọ́n fẹ́ lé mi níbi iṣẹ́."

"Kí lo ṣe?"

"Mo sọ òótọ́, sà, ohùn mi wá ga díẹ̀."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

"Ẹni tó wà ní géètì gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn oníbàárà ńlá kan tí wọ́n ní yàrá òtútù ń bọ̀ wá wo àpótí tuntun. Ọ̀gá Ẹnjiníà ti sọ fún Alága pé kóòdù òun ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìdákẹ́, nítorí náà ẹni tí ó kó o ni ó bà á jẹ́. Alága sì ti pàṣẹ pé bí àpótí bá dákẹ́ lójú àwọn àlejò, kí Ìyá Ìbejì kó ẹrù rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ti kó kúrò ní Ìsọlọ̀, kò sì kó ọkọ náà dání. Owó iṣẹ́ obìnrin yìí ni ilé wọn dúró lé.

Ó ṣí kọ̀ǹpútà, mo wọ jígí mi, a sì kà á pọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi rí i, nítorí irú àṣìṣe yìí kì í fara pamọ́ fún ẹni tí ó bá mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí.

Nínú kẹ́nẹ́lì, ìyẹn ètò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ètò yòókù tí ó ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, irú iṣẹ́ méjì ni ó wà. Èkíní ni iṣẹ́ jẹ́jẹ́, tí a lè dá dúró kí a sì tún ní kí ó máa bá a lọ. Èkejì ni ìpè òjijì. Ìròyìn dé lórí wáyà, ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀ kí ó dá a lóhùn, kò sì ní padà sí iṣẹ́ jẹ́jẹ́ náà títí ìpè yóò fi parí. Nítorí pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń fọwọ́ kàn, a fi àgádágodo sí i, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n má baà da ti ara wọn rú. Nísinsìnyí, bí iṣẹ́ jẹ́jẹ́ bá ti mú kọ́kọ́rọ́, tí ìpè òjijì já lu ọpọlọ kan náà, tí ìpè yìí náà sì nílò kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó tán. Ìpè kò ní kúrò láìrí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè mira láti dá a padà, nítorí ìpè ti jókòó lé e lórí. Ọpọlọ náà á máa yí po lójú kan títí ayé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí iṣẹ́ jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìpè òjijì, lẹ́yìn náà kí ó mú kọ́kọ́rọ́, kí ó tètè ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí ó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kí ó wá ṣí ìlẹ̀kùn fún ìpè. Àwọn tí ó kọ kẹ́nẹ́lì ti pèsè àṣẹ kan tí ó ń ṣe ìtìpa àti ìmú kọ́kọ́rọ́ pọ̀. Ọ̀gá Ẹnjiníà lo èyí tí ó ń mú kọ́kọ́rọ́ nìkan. Ó ní ó yá ju èkejì lọ.

"Báwo ló ṣe wá ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?" Mo mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọpọlọ kan ṣoṣo ni àpótí àtijọ́ ní, sà. Bí wọ́n bá ń kọ́ kẹ́nẹ́lì fún ẹ̀rọ tó ní ọpọlọ kan bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yọ irú àgádágodo yẹn dànù ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Méjì ni ti tuntun ní, wọ́n sì fi àgádágodo gidi sí i."

Ìyẹn ni pé àgádágodo tí ọkùnrin yìí fi ń yangàn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, ọ̀dà ni wọ́n fi yà á sára ìlẹ̀kùn. Olè kò wọlé nítorí pé olè kì í sábà kọjá níbẹ̀. Nígbà mìíràn, olè kọjá pàápàá: iṣẹ́ méjèèjì á da ìròyìn ara wọn rú, àwọn oníbàárà á rí i lórí fóònù wọn pé yàrá òtútù gbóná bí ààrò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, Ọ̀gá Ẹnjiníà á sì sọ fún wọn pé iná mànàmáná àdúgbò wọn ni kò dára. Ní Èkó, kò sí ẹni tí ó lè jiyàn èyí.

Ìyá Ìbejì ti kọ àtúnṣe náà tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá Ẹnjiníà ni kò gbà kí ó wọlé.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọ agbádá mi, mo sì lọ sí Ìsọlọ̀. Alága gbà mí tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó fún mi ní àga tirẹ̀, ó sì ní kí àwọn méjèèjì wá rojọ́.

"Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀," Ọ̀gá Ẹnjiníà ni ó ṣáájú, "kóòdù yìí wà lára ògiri káàkiri Èkó. Kò dákẹ́ rí. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún ohun tó ń ṣiṣẹ́."

"Àgádágodo tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀."

"Orúkọ tèmi náà wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń sanwó ìfẹ̀yìntì. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ mí."

Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí ó mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Alága gbé ọwọ́ sókè. "Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ti wá jinlẹ̀ jù fún mi. Ṣé Ìyá Ìbejì ló bà á jẹ́?"

"Òun kọ́."

"Ọ̀gá Ẹnjiníà, ṣé ìwọ ni?"

"Háà, Alága. Èmi bí ti báwo?"

"Òun kọ́, ìwọ kọ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí àpótí wá sọ tẹnu rẹ̀ lójú àwọn àlejò." Ó dájọ́ bí ẹni tí ó ti ṣe ìdájọ́ òdodo, ó sì lọ pàdé àwọn àlejò ní ìsàlẹ̀.

Yàrá ìdánwò wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, pátákó kékeré ni wọ́n so mọ́ ọn kí ó má baà sọnù. Ìyá Ìbejì ti gbé àpótí kalẹ̀ nínú yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn, nítorí nígbà kan tí kò tì í, Ọ̀gá Ẹnjiníà wọlé, ó yọ àpótí kúrò lára iná kí ó lè fi fóònù rẹ̀ gba iná. Ìyá Ìbejì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó lọ tan iná ìdánwò ní apá kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń bọ̀ nígbà tí Alága yọ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àwọn àlejò méjì, obìnrin apòògùn kan àti ọkùnrin kan tí ó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. Ọ̀gá Ẹnjiníà jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, òun náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, táì rẹ̀ sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Èmi dúró lẹ́bàá ògiri, nítorí pé ọjọ́ orí mi ti gbà mí lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, báwo ni àwọn ìbejì?"

"Wọ́n wà, sà."

"Dádì wọn ńkọ́?"

"Ó wà, sà."

"Màmá ní Abẹ́òkúta? Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti ń rọlẹ̀, sà."

Alága kọjú sí àwọn àlejò, ó na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn yàrá ìdánwò, ó yí ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Kò ṣí. Ó tún un yí. Ojú tì í níwájú àwọn àlejò, ìtìjú náà sì di ìbínú kíákíá, bí ó ti máa ń rí lára àwọn ọlọ́lá.

"Ta ló ti ìlẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni, sà," Ìyá Ìbejì dáhùn láti ilẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kó ìtìjú bá mi ni? Ẹ gbọ́ o. Ẹnikẹ́ni kò ní dìde níbí títí ìlẹ̀kùn yìí á fi ṣí."

Ìyá Ìbejì wo kọ́kọ́rọ́ tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó wo Alága, ó sì rọra padà wo ilẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì fẹ́ kí ó tètè tán. Ọ̀gá Ẹnjiníà gbé orí sókè díẹ̀, ó rí pátákó kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó sì dá orí rẹ̀ padà sílẹ̀, nítorí Alága kò tíì ní kí òun náà dìde. Alága ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń retí ìlẹ̀kùn. Àwọn àlejò ń wo ojú mi bóyá irú ètò tí a máa ń ṣe nìyí.

Mo jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. Inú mi dùn ju bí ó ti yẹ lọ fún ọkùnrin tí ó dàgbà tó mi.

"Alága," mo ní, "ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Ìyá Ìbejì, o mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, o ń wò mí?"

"Ẹ kò tíì ní kí n dìde, sà."

"Kí ló dé tí o ò ṣílẹ̀kùn kí n tó dé?"

"Mo ń lọ ṣí i ni ẹ fi dé, sà. Ẹ bi mí léèrè ẹsẹ̀ màmá."

Obìnrin apòògùn fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Alága, àìsàn àpótí yín gan-an nìyí," mo wí. "Obìnrin yìí ni iṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ti mú kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yin ni ìpè òjijì. Ẹ já lù ú, ó sì pọn dandan kí ó dá yín lóhùn, kò sì lè dìde títí ẹ ó fi tú u sílẹ̀. Ẹ̀yin náà kò ní tú u sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, ibí ni ilẹ̀ á ṣú gbogbo yín sí. Ọ̀gá Ẹnjiníà tó wà lórí táìlì yẹn ni ọpọlọ kejì. Òun náà ń retí kọ́kọ́rọ́ kan náà."

Alága wo Ìyá Ìbejì, ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo bàtà ara rẹ̀.

"Ṣé báyìí ló ṣe ń kú?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Kí ni ìbá ti dára kí ó ṣe?"

Ìyá Ìbejì ni ó dáhùn. "Kí ẹnì kan ti kọ́kọ́ dá yín dúró ní ìsàlẹ̀, sà, kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe pé kí wọ́n lé yín. Kí ẹ kàn mu mọ́lítì díẹ̀ títí n ó fi dá a padà."

"Ta ló wá kọ ibi tí wọn ò ti dá mi dúró?"

Ọ̀gá Ẹnjiníà ń wo táìlì bí ẹni tí ó fẹ́ rà á. Alága bojú wò ó títí, lẹ́yìn náà ó ní, "Ó yá, ẹ dìde. Ìyá Ìbejì, fi àtúnṣe tìẹ sí i."

Ó fi tirẹ̀ sí i. Àwọn àlejò mu mọ́lítì. Ó wá fi kọ̀ǹpútà méjì da ìròyìn lu àpótí náà láìdáwọ́ dúró, irú èyí tí ó máa ń pa á kí ènìyàn tó gbé ife kalẹ̀. A mu mọ́lítì tán, a jẹ bisikíìtì, obìnrin apòògùn sì fi ọwọ́ gbígbóná di ojú tí àpótí fi ń mọ òtútù mú. Fóònù rẹ̀ dún. Ó yọ ọwọ́, fóònù dákẹ́. Ó tún ṣe é, bí ọmọdé. Àpótí kò dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ kíkó ẹrù mọ́. Kí àwọn àlejò tó lọ, Ọ̀gá Ẹnjiníà ti dìde sójú pátákó ìkọ̀wé, ó ń ṣàlàyé fún wọn bí "ìlànà wa níbí" ṣe rí: a kọ́kọ́ ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìpè kí a tó mú kọ́kọ́rọ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Mo gbọ́ gbólóhùn tèmi mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, Alága fi ìkìlọ̀ gàdàgbà kan lẹ ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a dúró. Ó fi kóòdù náà sí abẹ́ Ìyá Ìbejì pátápátá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Kò parí, nítorí ará Èkó mọ ohun tí wọ́n ń fi òfin ṣe. Akápò ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ní Èjìgbò lọ́wọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ kì í fi ti ọkọ̀ sápò mọ́. Ọ̀gá Ẹnjiníà, tí kì í ṣe nǹkan kékeré, wá ìdìpọ̀ kọ́kọ́rọ́ kan tí ó tó ti wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì ń gba iwájú Alága kọjá pẹ̀lú rẹ̀, orí rẹ̀ lókè, bí ẹni tí iṣẹ́ ìjọba wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń kúnlẹ̀ mọ́. Alága pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti rù.

"Bàbá, wọn ò kí mi mọ́ o. Ọ̀rọ̀ pàtàkì pàápàá, wọn kì í gbọ́."

Mo sọ fún un pé kẹ́nẹ́lì mọ àìsàn yìí náà. Bí ẹnì kan bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìpè tí ó sì wá jókòó lé kọ́kọ́rọ́, ìròyìn á kún ẹnu wáyà títí wọn yóò fi máa dà á nù. Ẹni tí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kíá. Alága fi èyí kún ìkìlọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kan ìṣó sára ògiri, kí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì máa wà níbẹ̀, kí ti ilé máa wà nínú báàgì. Ìdìpọ̀ Ọ̀gá Ẹnjiníà náà wà lórí ìṣó títí di òní. Kò sí ìlẹ̀kùn kan nínú ilé náà tí wọ́n lè fi ṣí.

Mo tún yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Mo dúró ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tún agbádá mi ṣe ní èjìká, nígbà tí Ìyá Ìbejì yọ láti òdìkejì pẹ̀lú pátákó kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo wúkọ́ bí àgbà ṣe ń wúkọ́ tí ó bá ti wà ní ìmúrasílẹ̀ fún ìkíni. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Kò wò mí. Mo bínú fún ìwọ̀n ìgbà tí ó fi ṣí yàrá ìdánwò, tí ó fi gbé ohun tí ó fẹ́ gbé, tí ó fi ti ìlẹ̀kùn padà. N kò sì rí ẹni tí mo lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, nítorí èmi ni mo kọ́ wọn.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí ìṣó. Ó wá yíjú sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Mo rí yín láti ẹ̀ẹ̀kan."

Mo ní kí ó dìde kí eékún rẹ̀ tó kan ilẹ̀.